Ẹlẹ́rìí Méjì: Ìtàn Bí A Ṣe Wọn Agbára Mànàmáná Inú Ìfun Ènìyàn



Bóyá ni a rí ẹnì kan níhìn-ín tí irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí rí. A ń gbààwẹ̀. A kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti òwúrọ̀. Ilé ìsìn dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo orí sì tẹ̀ ba fún àdúrà. Lójijì ni ikùn ẹnì kan kùn bí ààrá tí ó sán ní ọ̀nà jíjìn. Ojú a ti onítọ̀hún, a fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ni a ó sọ pé ebi ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá bi wá léèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí kò sí oúnjẹ nínú ikùn, kí ni ó tún ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?" mélòó nínú wa ni ó lè dá a lóhùn?

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà gba àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí igba ọdún. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ìfun jẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti fọ àbọ̀dí ewúrẹ́ rí mọ̀ pé ó gùn ju bí ènìyàn ti rò lọ, ó sì ká jọ lórí ara rẹ̀ bí okùn inú kọ̀ǹga. Bẹ́ẹ̀ ni ti ènìyàn. Oúnjẹ a ti ọ̀nà ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀ sínú àpòlúkù. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sínú ìfun kékeré, èyí tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20. Níbẹ̀ ni ara ti ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara ògiri ìfun náà ń súnkì, ó sì ń nà, kí oúnjẹ lè máa rìn lọ. Ohun tí ń pàṣẹ ìsúnkì náà ni agbára kan tí ó kéré gan-an, irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ń tan iná mànàmáná inú ilé wa.

Ohun tí ó ṣòro nínú ìtàn yìí kì í ṣe rírí amì agbára náà. Láti mọ ẹni tí ó kọ amì náà ni ó ṣòro. Àwọn bàbá wa sọ pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ pẹ̀lú a máa purọ́ nígbà mìíràn, bí kò bá sí ẹlẹ́rìí kejì tí yóò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí dókítà bá sì gba irọ́ ẹ̀rọ gbọ́, ara aláìsàn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

I. Ẹsẹ̀ Àkèré ní Ìlú Bologna

Ní ìlú Bologna ní ilẹ̀ Ítálì, dókítà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Luigi Galvani. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1780, ó ń fi ẹsẹ̀ àkèré tí ó ti kú ṣe ìdánwò. Ó rí i pé bí a bá mú irin méjì tí kì í ṣe irú kan náà, tí a fi orí wọn kan ara wọn, tí a sì fi ìdí ọ̀kan kan iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀, tí a fi ìdí èkejì kan ẹran ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ àkèré a ta fìrì bí ẹni pé ẹ̀mí tún wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1791 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ó ní agbára mànàmáná kan ń bẹ nínú ẹran ara fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé ó ti ìta wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Pavia, Alessandro Volta, ka ìwé náà. Ó kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn, ó sì tún ìdánwò náà ṣe fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣe é lọ ni iyèméjì wọ inú rẹ̀. Ó béèrè pé, èéṣe tí irin náà fi ní láti jẹ́ oríṣi méjì? Ó wá sọ pé inú irin méjì tí ó kan omi ara ni agbára náà ti wá, kì í ṣe inú àkèré. Pé àkèré kò ju ẹni tí a nà tí ó sì ké lọ.

Galvani kò gbà. Ní 1794 a tẹ èsì jáde níbi tí kò ti sí irin kankan mọ́: ó fi iṣan àkèré kan ẹran ara àkèré, ẹsẹ̀ sì tún ta. Volta pẹ̀lú kò jókòó lásán. Ní 1800 ó fi hàn pé bí a bá to àwo fàdákà àti àwo síńkì lé ara wọn, tí a fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, agbára mànàmáná yóò máa ṣàn láìsí àkèré. Bátìrì ni ohun tí ó ṣe yìí. Láti ara rẹ̀ ni àwọn bátìrì iná tọ́ọ̀ṣì wa ti ṣẹ̀ wá. Galvani kò rí i. Ó ti kú ní 1798.

Ta ni ó jàre? Àwọn méjèèjì ni. Irin méjì a máa mú agbára wá, gẹ́gẹ́ bí Volta ti wí. Ẹran ara pẹ̀lú a sì máa mú tirẹ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí Galvani ti wí. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1840, Carlo Matteucci ní ìlú Pisa, àti Emil du Bois-Reymond ní ìlú Berlin, fi ẹ̀rọ wọn agbára inú ẹran ara. Du Bois-Reymond wé wáyà tín-ínrín ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè mọ ohun kékeré. Ó sì rí i pé bí ènìyàn bá ti ìka rẹ̀ bọ omi iyọ̀, tí ó sì fún apá rẹ̀ le, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà a yí.

A sọ ìjà àwọn àgbà méjì yìí nítorí pé ìbéèrè tí wọ́n jà lé lórí kò kú pẹ̀lú wọn. Láti ara ẹ̀dá alààyè ni agbára yìí ti wá ni, tàbí láti ọwọ́ àwa tí a ń wọ̀n ọ́n? Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn. A ó tún pàdé rẹ̀.

II. Ọkàn Ṣáájú Ìfun

Nínú gbogbo ẹ̀yà inú ara, ọkàn ni ó kọ́kọ́ gbà kí a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìta. Ní 1887, Augustus Waller ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù gba àkọsílẹ̀ agbára mànàmáná ọkàn ènìyàn láì la àyà rẹ̀. Ní 1901, Willem Einthoven ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, kọ̀wé nípa ẹ̀rọ kan tí ó dára ju ti ìṣáájú lọ. Ó na fọ́nrán kan tí a yọ́ láti ara òkúta kúọ́ọ̀tì, tí a fi fàdákà bò, sí àárín òòfà ńlá. Bí agbára kékeré bá gba inú fọ́nrán náà kọjá, fọ́nrán a mì. A fi iná tan òjìji rẹ̀ sára fíìmù tí ń rìn, ìmìtìtì náà a sì di àwòrán. Ẹ̀rọ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba yàrá. Ní 1924 ni a fi Ẹ̀bùn Nobel dá Einthoven lọ́lá.

Èéṣe tí ọkàn fi ṣáájú? Ìdí kan ni pé agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ. Ìdí kejì ni ó kan ọ̀rọ̀ wa: ọkàn ní ẹlẹ́rìí kejì. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé ọkàn lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, dókítà a fi ìka kan ọrùn ọwọ́ aláìsàn, a sì kà á fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣìnà, ìka yóò tú u fó.

Ìfun kò rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé ojú ti ń rí díẹ̀ nínú ìṣe rẹ̀. Láti òpin ọdún 1896 ni Walter Cannon, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìtànṣán X, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní ọdún kan ṣáájú, wo ikùn àwọn ẹranko. Ó po èròjà kan tí ìtànṣán kò lè là kọjá mọ́ oúnjẹ wọn, ó sì rí ìgbì ìsúnkì bí ó ti ń rìn lára àpòlúkù ológbò. Ní 1899, Bayliss àti Starling ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé bí ìfun ti ń súnkì lẹ́yìn oúnjẹ tí ó sì ń dẹ̀ níwájú rẹ̀, kí oúnjẹ lè máa lọ síwájú. Ṣùgbọ́n nípa agbára mànàmáná tí ń bẹ lẹ́yìn ìsúnkì wọ̀nyí nínú ènìyàn, òkùnkùn ṣì bò ó.

III. Arúgbó Kan ní San Francisco

Ẹni tí ó kọ́kọ́ tan iná sí òkùnkùn náà ni Walter Alvarez. San Francisco ni a bí i sí ní 1884, ṣùgbọ́n erékùṣù Hawaii ni ó ti dàgbà, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Spéìnì, ti ń ṣe dókítà tí ó sì ń wádìí àrùn ẹ̀tẹ̀. Ìfun ni ọmọ yàn láti wádìí. Ó gé ìfun ehoro sí wẹ́wẹ́, ó fi ègé kọ̀ọ̀kan sínú omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ka iye ìgbà tí ègé kọ̀ọ̀kan ń súnkì. Ní 1914 ó kọ ohun tí ó rí: ègé tí a gé láti orí ìfun, nítòsí àpòlúkù, a máa yára; bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ìfun ni ìsúnkì ń falẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ó fẹ́ mọ̀ bóyá a lè gbọ́ ohùn àpòlúkù láti orí awọ ara, gẹ́gẹ́ bí Einthoven ti gbọ́ ti ọkàn. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti ṣòro tó. Agbára tí ó dé orí awọ ikùn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóltì kan. Ọkàn tí ń bẹ lókè rẹ̀ ń pariwo. Bí aláìsàn bá wúkọ́, tàbí tí ó bá yí ara padà, fọ́nrán ẹ̀rọ a fò. Bí a bá wá rí ìgbì jẹ́jẹ́ kan lórí fíìmù, ta ni yóò sọ pé ti àpòlúkù ni?

Nígbà náà ni arúgbó obìnrin kan wá sí iwájú rẹ̀. Ara rẹ̀ kéré, ògiri ikùn rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi ojú lásán rí ìgbì ìsúnkì àpòlúkù bí ó ti ń kọjá lábẹ́ awọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1921, Alvarez fi orí wáyà lé ikùn arúgbó náà. Fọ́nrán ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí mì ní jẹ́jẹ́, ní ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Lórí ikùn arúgbó náà pẹ̀lú, ìgbì tí ojú ń rí ń kọjá ní ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ojú sì jẹ́rìí sí i. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní ọjọ́ náà ìròyìn àti àfojúbà pàdé lórí ibùsùn kan.

Ní 1922 ni a tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde. Ní ọdún kan náà, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Mahoney sọ pé wọ́n ti rí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lára àpòlúkù àti ìfun àwọn ẹranko. Ní 1932, nígbà tí ó ti wà ní ilé ìwòsàn Mayo ní ìpínlẹ̀ Minnesota, òun pẹ̀lú Berkson àti Baldes kọ nípa bí ìsúnkì ìfun àti ìyípadà agbára mànàmáná ti ń bá ara wọn rìn. Ṣùgbọ́n ìfun kékeré ti ènìyàn alààyè, tí ikùn rẹ̀ nípọn bí ti èmi àti ẹ̀yin, ṣì pa ẹnu mọ́.

IV. Èémí, Ẹlẹ́rìí Èké

Kí ni ó mú kí ti ìfun kékeré le ju ti àpòlúkù lọ? Àpòlúkù jẹ́ àpò kan, ìgbì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ohun mìíràn nínú ara tí ń rìn ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ tí a lè tètè ṣì mú. Ìfun kékeré ká jọ, apá kan lé apá kejì, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé orí ìfun ń lù ní nǹkan bí ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ka èémí rẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó jẹ́jẹ́: lára ọ̀pọ̀ nínú wa, kò ní jìnnà sí iye yìí. Ní gbogbo ìgbà tí a bá sì mí, ikùn a gòkè, a sọ̀ kalẹ̀, wáyà orí rẹ̀ a sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé wáyà lé ikùn tí ó sì rí ìgbì 12 ní ìṣẹ́jú kan lè máa yọ̀ pé òun ti rí ìfun, nígbà tí ó jẹ́ pé èémí ni ó rí. Ìjà Galvani àti Volta nìyí tí ó tún padà dé.

Àwọn tí ó wá ọ̀nà àbáyọ ni Christensen, Schedl àti Clifton, ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà. Wọn kò dúró ní ìta mọ́. Wọ́n fún ènìyàn ní ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín gbé mì, tí orí wáyà wà ní ara rẹ̀, títí ọ̀pá náà fi dé inú ìfun. Ní 1964 wọ́n kọ nípa orí ìfun: nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n tún wo àwọn tí ẹṣẹ́ inú ọrùn wọn ń ṣàìsàn, ẹṣẹ́ náà tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Nínú ẹni tí ẹṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ìlù ìfun yára. Nínú ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kéré jù, ó falẹ̀.

Ní 1966 ni wọ́n mú ẹlẹ́rìí tí ó lágbára jù lọ wá. Wọ́n ka ìgbì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìfun kékeré ènìyàn, wọ́n sì rí i pé iye náà ń dín kù: nǹkan bí 12 ní òkè, nǹkan bí 8 ní ìdí ìfun. Ẹ rò ó wò. Ènìyàn kan kò lè mí ní ìgbà 12 kí ó sì tún mí ní ìgbà 8 nínú ìṣẹ́jú kan náà. Bí ó bá jẹ́ èémí ni ó ń mi wáyà, gbogbo ìfun ni ì bá máa sọ iye kan. Nítorí náà èémí kò lè jẹ́ ẹni tí ó kọ àkọsílẹ̀ náà. Ohun tí Alvarez rí nínú ègé ìfun ehoro ní 1914 ni a wá rí nínú ènìyàn alààyè ní ọdún 52 lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ìgbì ni ó ń mú ìfun súnkì. Ẹ wo àwọn onílù dùndún. Gúdúgúdú ń lù láì dákẹ́, ó ń tọ́jú ìwọ̀n ìlù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ó bá dún ni oníjó ń gbé ẹsẹ̀. Ìgbì jẹ́jẹ́ ni gúdúgúdú inú ìfun, tọ̀sán-tòru ni ó ń lù. Nígbà tí àkókò ìsúnkì bá tó, àwọn amì kéékèèké tí ó yára gan-an a yọ sí orí ìgbì náà, bí ẹ̀gún sí ara ẹ̀ka igi òrombó. Ìgbì tí ó bá ní ẹ̀gún ni ẹran ìfun ń dáhùn. Èyí tí kò bá ní i kọjá lọ lásán.

V. Agbálẹ̀ Inú Ìfun

Ọ̀rọ̀ wa wá padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ikùn rẹ̀ kùn nínú ilé ìsìn.

Ní ilé ìwòsàn Mayo, níbi tí Alvarez ti ṣiṣẹ́ rí, Joseph Szurszewski fi orí wáyà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi lára ìfun àwọn ajá, láti òkè dé ìdí, ó sì ń kà á fún ọ̀pọ̀ wákàtí nígbà tí àwọn ajá kò jẹun. Ní 1969 ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ebi bá wà, ìfun kì í sinmi lásán. Ọ̀wọ́ ìgbì kan, tí ẹ̀gún kún orí gbogbo rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ ní òkè, a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, títí yóò fi dé ìdí ìfun lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Bí ọ̀kan bá ń parí ní ìsàlẹ̀, òmíràn a tún bẹ̀rẹ̀ ní òkè. Bí a bá fún ajá náà ní oúnjẹ, ọ̀wọ́ náà a dáwọ́ dúró, ìfun a sì bọ́ sí iṣẹ́ àtilọ oúnjẹ.

Charles Code, tí ó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yìí ní Mayo, fi ọ̀wọ́ ìgbì náà wé olùtọ́jú ilé. Àwa ní tiwa a ó pè é ní agbálẹ̀ ọjà. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà bá ti palẹ̀ mọ́, agbálẹ̀ a mú ọwọ̀, a bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kan, a gbá ewé àti èérún lọ sí ìkángun kejì. Bí ọjà bá ṣì kún, kò lè gbá a. Ní àkókò ebi ni agbálẹ̀ inú ìfun ń gbé èérún oúnjẹ, omi inú àti kòkòrò àìrí lọ sí ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn àti omi tí ó ń tì níwájú wà nínú ohun tí ń mú ikùn kùn nígbà tí a bá ń gbààwẹ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ti ènìyàn rí? Ní 1977, Gaston Vantrappen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leuven, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wádìí rẹ̀. Agbára tí ìfun fi ń fún ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe agbára mànàmáná. Síbẹ̀ agbálẹ̀ kan náà ni wọ́n rí nínú àwọn tí ara wọn dá. Ní 1978, Fleckenstein ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì fi orí wáyà púpọ̀ wọn agbára mànàmáná nínú ìfun àwọn ènìyàn tí kò jẹun, ó sì rí i bákan náà. Ẹlẹ́rìí méjì nìyí, tí ọ̀nà wọn kò jọ ara wọn, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ṣe ọ̀kan.

Èyí tí ó kan ìwòsàn jù lọ nínú iṣẹ́ Vantrappen ni èyí: ó rí àwọn aláìsàn kan tí kòkòrò àìrí ti pọ̀ jù nínú ìfun kékeré wọn, tí agbálẹ̀ náà sì ti dàrú tàbí tí kò sí rárá. Ibi tí a kò bá gbá, ìdọ̀tí a pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fi han àwọn dókítà pé ìfun tí kò mọ bí a ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ebi lè di àìsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí egbò kankan tí ojú lè rí lára rẹ̀.

VI. Ta Ni Ó Ń Lu Ìlù Náà?

Ó ku ìbéèrè kan: níbo ni ìlù náà ti wá? Ní 1893, ọmọ ilẹ̀ Spéìnì kan tí ojú rẹ̀ mú púpọ̀, Santiago Ramón y Cajal, ti kọ̀wé nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ó ní apá púpọ̀, tí wọ́n so mọ́ ara wọn bí àwọ̀n apẹja láàárín ẹran ìfun. Ó rò pé irú iṣan ìmọ̀lára kan ni wọ́n. Ó rí wọn, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ wọn. Ní 1982 ni Lars Thuneberg ní Copenhagen sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ni onílù náà. Láàárín 1994 àti 1995, àwọn onímọ̀ wo àwọn eku kan tí a bí láìní ọ̀wọ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí nínú ìfun kékeré wọn; nínú ìfun wọn ìgbì jẹ́jẹ́ kò sí. Bí onílù kò bá sí, ìlù kò lè dún.

Ẹ má ṣe rò pé ìjà ti parí níbẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Nevada tún gbé ìbéèrè àtijọ́ dìde. Wọ́n ní púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní agbára mànàmáná nígbà tí a bá fi orí wáyà kan ara ẹ̀yà inú lè jẹ́ ìmìtìtì lásán: ẹran ara ni ó ń súnkì, tí ó ń mi wáyà, tí àwa sì ń pè é ní mànàmáná. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti ìgbà Alvarez ti di ahoro. Ní 2013, àwọn onímọ̀ tí Angeli ṣáájú wọn ní ìlú Auckland, ní ilẹ̀ Niu Sílándì, dá wọn lóhùn. Wọ́n lo oògùn tí ń dá ìsúnkì dúró nínú ẹlẹ́dẹ̀, títí ẹran náà kò fi mì mọ́, wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n. Ìgbì náà kò dákẹ́. Bí Galvani ti mú irin kúrò kí ó lè mọ òtítọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú ìsúnkì kúrò. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn ti Nevada ṣe iṣẹ́ asán. Àwọn ni ó mú kí gbogbo àwọn tí ń wọn ìfun máa ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ Ìparí

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí? Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa aláìsàn kan tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ìfun rẹ̀. Inú ń run ún gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bá fi ọwọ́ tẹ ikùn, ó lè má rí ohun púpọ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìfun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ní 1995, àwọn oníṣẹ́ abẹ àti onímọ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt, ní ìlú Nashville, fi ehoro ṣe ìdánwò. Wọn kò fi wáyà kan ìfun. Wọ́n lo ẹ̀rọ kan tí ń mọ agbára òòfà kékeré tí ń bá ìṣàn mànàmáná rìn, wọ́n sì rí i láti ìta pé nígbà tí a dí ẹ̀jẹ̀, ìlù ìfun falẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì di ohun èlò ojoojúmọ́ ní ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè rí ibi tí ọ̀nà náà ń lọ: kí dókítà lè gbọ́ igbe ìfun kí ó tó pẹ́ jù, láì kọ́kọ́ la ikùn. Ẹ sì lè rí ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ gba ẹ̀rọ gbọ́ nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀rọ. Bí ó bá sọ pé ìfun ń kú, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, a ó la ikùn ẹni tí kò yẹ kí a là. Bí ó bá sọ pé àlàáfíà ni, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, a ó sin ẹni tí ì bá yè.

Nítorí náà ni a fi rọ̀ yín kí ẹ má ṣe gbàgbé arúgbó San Francisco. Orúkọ Galvani, Einthoven àti Alvarez ni ayé ń pè; ní ti obìnrin náà, "arúgbó kan" ni a máa ń wí. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ikùn rẹ̀ tí ó ti fẹ́lẹ́, fíìmù Alvarez ì bá jẹ́ fíìmù lásán, ẹnikẹ́ni ì bá sì lè sọ pé ìkọ́ ni ó mi wáyà. Ara rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kejì.

Ní ti ọmọ tí ó bi wá léèrè, a lè dá a lóhùn nísinsìnyí. Bí ikùn bá kùn ní àkókò ààwẹ̀, kí ó má ṣe rẹ́rìn-ín ẹni náà, kí ẹni náà pẹ̀lú má sì ṣe tijú. Ọjà ti tú ni, agbálẹ̀ sì ti mú ọwọ̀.